Ìkòkò Tí Agbóhùn Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Dì

Oríkèé ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yọ gọngọ ju ti àwọn ìka yòókù lọ. Awọ orí rẹ̀ ti nípọn, ó ti pọ́n díẹ̀, ó sì ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí tí wọ́n ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, yóò rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba àárín oríkèé náà kọjá, níbi tí awọ ti máa ń là nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Kì í ṣe àìsàn. Ìkòkò ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Oríkèé yìí ni obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Agbóhùn fi ń kan ìkòkò gbọ́, kí ó tó gbà pé kí ẹnikẹ́ni náwó lé e lórí.

Kì í ṣe oníṣòwò. Inú ilé-ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà rẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́bìnrin rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Orí àwo fífọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ipò ọ̀gá àwọn alásè ni ó sì parí rẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé ìkòkò kì í ṣàdédé já ènìyàn kulẹ̀. Ó ti máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí yóò fetí sí i ni kì í sí. Nígbà tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í mú un dání lọ sí ọjà bí wọ́n bá fẹ́ ra ohun èlò ìdáná. Ẹni tó ń kó wọ ilé tuntun, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ, ẹni tí ìkòkò rẹ̀ lu lójijì, gbogbo wọn ni ó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ wọn ju owó ọkọ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀, kí ó tó kú, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àlejò pé kí ó tó gbà láti fẹ́ òun, ó ti kan òun ní àgbárí lẹ́ẹ̀mejì, pé nítorí orí òun dún dáadáa ni ó ṣe mú òun. Agbóhùn a sì dá a lóhùn pé dídún tó dún dáadáa yẹn gan-an ló yẹ kí ó kọ òun lóminú, nítorí ohun tó bá ṣófo ló ń pariwo.

Ọ̀nà tí ó ń gbà yan ìkòkò kò yí padà. Yóò kọ́kọ́ gbé e wò lọ́wọ́, nítorí ìkòkò tó bá fúyẹ́ bí ewé a máa jó oúnjẹ ní ojú kan, a sì fi ojú kejì sílẹ̀ láìjinná. Yóò gbé e lé ilẹ̀ tó tẹ́jú, yóò fi ìka tẹ ẹnu rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Èyí tó bá ń mì, ìdí rẹ̀ kò gún, kò sì ní jókòó dáadáa lórí sítóòfù. Yóò ṣí ìdérí, yóò dé e padà, yóò yí i kiri bóyá ó ṣe rẹ́gí. Yóò fi àtàǹpàkò ra inú páànù tí a fi ń dín nǹkan, kí ó lè mọ̀ bóyá ohun dúdú tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ yóò bó sínú oúnjẹ lọ́jọ́ iwájú. Gbogbo èyí, ẹni tó bá ní sùúrù lè kọ́ ọ. Ó sì máa ń sọ fún gbogbo ìyàwó tuntun pé ilé kan kò nílò ju ìkòkò mẹ́ta àti páànù kan lọ: ńlá, àárín àti kékeré; ìyókù, nítorí ojú aládùúgbò ni wọ́n ṣe ń rà á.

Èyí tó kù ni kò rọrùn. Yóò fi ìka kan ṣoṣo gbé ìkòkò náà kọ́ ní ibi ọwọ́ tí a fi ń dì í mú, yóò fi oríkèé kan ara rẹ̀, yóò sì dákẹ́. Ìkòkò tó dára a máa dún gbọọrọ, ohùn rẹ̀ a sì rọra kú lọ bí ìgbà tí ẹni tó ń kọrin bá ń rìn jìnnà. Èyí tó bá ti sán níbì kan a dún pọ̀, a sì panu dé. Lẹ́yìn ohùn ńlá yìí, ohùn kékeré kan tún máa ń wà nígbà mìíràn, tín-ín-rín, bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì. Bí ènìyàn bá gbọ́ irú rẹ̀, ìṣó tí wọ́n fi kan ọwọ́ mọ́ ara ìkòkò ni kò fún tó. Bí ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá ti gbóná tó sì tutù ní ìgbà púpọ̀, ìṣó yóò yọ, ọwọ́ yóò sì tẹ̀lé e.

Ní ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìkòkò, gbogbo ènìyàn ló ń bọ̀wọ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ yìí. Bí Agbóhùn bá ti gbé ìkòkò kọ́, ẹni tó ń ná ọjà a dánu dúró, ẹni tó ń gbọ́ rédíò a yí i wálẹ̀. Bí ó bá sì ti ní ìkòkò dára, kò sí ẹni tí yóò tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti kàn án wò. Ta ni yóò dán irú rẹ̀ wò? Ńṣe ni yóò dà bí ìgbà tí àgbà sọ pé òun ti jẹun yó, tí ọmọdé wá ní kí ó la ẹnu kí òun wò ó.

Ṣọ́ọ̀bù tí ó yàn láàyò jẹ́ ti ọkùnrin kan tí gbogbo ọjà ń pè ní Oníkòkò. Ìyá ọkùnrin náà ni ọ̀rẹ́ Agbóhùn àtijọ́, lọ́wọ́ ìyá náà ni ó sì ti jogún ṣọ́ọ̀bù. Màámi ni ó ń pe Agbóhùn, kì í sì í fi ẹnu lásán pè é bẹ́ẹ̀. Bí Agbóhùn bá ti yan ìkòkò tán, Oníkòkò fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, yóò fi bébà àtijọ́ wé e, yóò fi okùn dì í, yóò sì gbé e jáde fún oníbàárà. Kò sí ìkòkò kan tí Agbóhùn yàn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn tí ẹnikẹ́ni tíì gbé padà wá. Òun àti Oníkòkò a máa fi èyí yangàn láàárín ara wọn.

Ọmọ mẹ́ta ni Agbóhùn bí. Àbíkẹ́yìn nìkan ni obìnrin nínú wọn. Aránṣọ ni ọmọ náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ náà sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ó lè fi síọ́ọ̀sì gé aṣọ tó ń yọ̀ bí omi láìfi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Nígbà tí ó ṣègbéyàwó, inú ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ gbé, wọ́n ń fi ìkòkò onílé dáná. Nígbà tó yá, wọ́n rí ilé tiwọn háyà, ìyá ọkọ náà sì bá wọn kó wá nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ilé-ìdáná ilé tuntun náà kò tóbi, ṣùgbọ́n fèrèsé wà níbẹ̀, kò sì sí ìkòkò ẹnì kan nínú rẹ̀. Agbóhùn ní òun ni òun yóò kó ohun èlò sí i. Ó ti kó ti ọmọ ọlọ́mọ tó.

Ní ọjọ́ tí wọ́n lọ rà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìkòkò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni ó gbé kọ́. Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín pé bí wọ́n bá ń yan ọkọ báyìí, gbogbo obìnrin ni ì bá wà nílé bàbá wọn títí di òní. Wọ́n mú kékeré, wọ́n mú ti àárín, wọ́n mú páànù kan tí ìdí rẹ̀ wúwo. Ìkòkò ńlá, ọlọ́wọ́ méjì, ni ó kẹ́yìn. Agbóhùn gbé e kọ́, ó kàn án, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ó fetí sílẹ̀ títí ohùn náà fi kú. Ó ní, “Èyí ni.”

Oníkòkò na ọwọ́ láti gbà á kí ó lè lọ dì í. Agbóhùn kò fún un. Ó ní ti ọmọ òun ni, òun ni òun yóò dì í. Oníkòkò ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí òun bá a ṣe é, okùn le, kò yẹ kí ó máa fi ọwọ́ àgbà fa okùn. Agbóhùn bi í léèrè bóyá ọjọ́ òní ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ti dàgbà. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àga, ó wé ìkòkò mẹ́ta náà àti páànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n, ó sì gbé èyí tó tóbi jù lé orí itan ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí wọ́n fi délé. Oníkòkò dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà díẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún kò tíì yí po tán nígbà tí àjálù náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ni. Ọmọ náà ń se ìrẹsì fún àwọn àlejò ọkọ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò ńlá kúrò lórí iná láti da omi rẹ̀ nù, ọwọ́ ìkòkò tó wà ní apá ọ̀tún sì yọ. Omi gbígbóná náà bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ìyókù sì dà sí i lórí itan. Ó lo ọjọ́ púpọ̀ ní ilé-ìwòsàn. Itan san. Ọwọ́ san pẹ̀lú, bí a bá lè pè é ní sísan: awọ tó bo àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e fún papọ̀, ó ń dán, kò sì jẹ́ kí ìka náà nà mọ́. Kò lè di síọ́ọ̀sì mú mọ́. Àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá ọ̀gá mìíràn lọ, wọ́n sì fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nínú pálọ̀ bí ìgbà tí a bá bo àga ilé tí ẹnikẹ́ni kì í gbé.

Nínú pálọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ náà ti ilé-ìwòsàn dé ni Agbóhùn wá wò ó. Ọkọ ọmọ wà níjókòó, ìyá ọkọ wà níjókòó, ọmọ fúnra rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sì wà lórí itan. Ìyá ọkọ náà béèrè, kò sì dájú pé ó fi ibi béèrè rẹ̀, pé báwo ni ìkòkò tí àna òun tìkára rẹ̀ kàn ṣe lè ṣe irú èyí. Agbóhùn ní kí wọ́n gbé ìkòkò náà wá. Wọ́n gbé e wá. Ó gbé e kọ́ ní ọwọ́ kan tó ṣẹ́kù lára rẹ̀, ó fi oríkèé kàn án, gbogbo wọn sì dákẹ́.

“Ẹ ò gbọ́ nǹkan,” ló wí. “Kò sán, kò lu. Ohùn ẹ̀ dá ṣáṣá.”

“Ó dá ṣáṣá, àna mi,” ni ìyá ọkọ dáhùn.

Ọmọ rẹ̀ ti fajú ro bí ẹni tí nǹkan wọ̀ létí. Ó ní, “Màámi, nǹkan kan ń dún lẹ́yìn ẹ̀.”

“Kí ló ń dún?”

“Ìṣó ọwọ́ tó kù yìí náà ni. Ó ti ń dún láti ọjọ́ tá a rà á. Mo gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo rò pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, pé ẹ mọ̀ pé kò lè ṣe nǹkan kan.”

Agbóhùn rọra gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkòkò mọ́. Ọmọ tí òun bí ni ó ń sọ lójú àna pé òun pa irọ́, tàbí pé òun kò mọ iṣẹ́ tí òun ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi nípa ìkòkò báyìí?” ló wí. “Ìwánwára ẹ ni. Láti kékeré ló ti wà lára ẹ. Ọwọ́ kan lo fi gbé ìkòkò kíkún, o wá ń wá ohun tó o máa di ẹ̀bi rù.”

Ọmọ náà fi ọwọ́ òsì bo ọwọ́ ọ̀tún lórí itan, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Òun náà ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín yẹn lẹ́yìn ohùn ìkòkò, ó gbọ́ ọ ketekete, ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ẹni ni ó ń sọ̀rọ̀, ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ sì ti gbè é lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí nínú pálọ̀ náà: àgbà méjì kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan, ọmọ méjì gbọ́, ọ̀kan sọ ọ́, èkejì kò lè sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ ti rí ọ̀rọ̀ dì mú. Bí abọ́ bá fọ́ lọ́wọ́ ìyàwó ilé, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni ó fi ń ṣe ohun gbogbo báyìí, yóò ní ìwánwára ni. Bí omi bá dà sílẹ̀, ìwánwára ni. Bí àlejò bá káàánú ọwọ́ tó jóná, yóò rọra mí kanlẹ̀, yóò ní ìyá tó bí i lọ́mọ ló sọ ọ́, kì í ṣe òun. Ọ̀rọ̀ náà kò tún nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ọmọ náà kò gbé ìpè ìyá rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbé e, yóò kí Màmá dáadáa, yóò bi í léèrè àlàáfíà ara rẹ̀, yóò wá ní ìyàwó òun ń sùn. Agbóhùn a ní kí ó bá òun kí i bí ó bá jí. Ó ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìbínú ọmọ kì í pẹ́, pé bí ara bá ti tù ú tán, yóò rántí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ṣì ń se oúnjẹ tí ẹnì kan kò lè jẹ tán, nítorí ọjọ́ Sátidé ni ọmọ náà máa ń wá. Yóò gbé abọ́ kejì sórí tábìlì, yóò wò ó, yóò sì gbé e padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò jáwọ́ nínú yíyan ìkòkò. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ gbà pé òun kò ṣàṣìṣe, kí ni yóò mú un jáwọ́? Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé sí òpin àdúgbò wá bá a pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú mọ ìkòkò tó dára, pé ilé-oúnjẹ ibi iṣẹ́ ni òun ti ń jẹun láti ìgbà tí òun ti kúrò lọ́dọ̀ ìyá òun. Agbóhùn bi í léèrè bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná sítóòfù. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò kọ́ ọ bí òun bá ti ní ohun tí òun yóò gbé lé e. Wọ́n jọ lọ sí ọ̀dọ̀ Oníkòkò.

Nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe ará ọjà yẹn. Kò mọ ìṣe wọn. Nígbà tí Agbóhùn gbé ìkòkò ti àárín kan kọ́, tí ó kàn án, tí gbogbo ènìyàn sì dákẹ́, òun nìkan ni ó la ẹnu. Ó béèrè pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ohun tó ń dún bí ẹ̀fọn yẹn?”

Oníkòkò tètè dáhùn pé kò sí nǹkan, pé ẹ̀rọ amómitutù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ yá jù. Agbóhùn yíjú sí i. Ó tún ìkòkò náà kàn, ó sì ní kí nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ orí ìṣó tó wà lára ọwọ́ ìkòkò náà.

“Ó ti dákẹ́, mà.”

“Yọ ìka ẹ.”

“Ó tún ti bẹ̀rẹ̀.”

Agbóhùn tún un kàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní kí ọmọbìnrin náà máa tẹ̀ ẹ́, kí ó máa yọ ọ́. Òun ń wo ìka náà bí ó ṣe ń bà lé ìṣó tí ó sì ń gbéra. Kò sí ohun tó yí padà nínú ohun tí òun ń gbọ́. Ohùn kan ṣoṣo ni, ó dá ṣáṣá, ó sì ń rọra lọ.

Ó gbé ìkòkò náà sílẹ̀. Ó ní kí Oníkòkò wo ojú òun. Ọkùnrin náà kò lè wò ó; ńṣe ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín àwọn ìkòkò tó wà nílẹ̀, ọkùnrin tó ti ní ewú lórí. Ibẹ̀ ni ó ti jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ṣàkíyèsí rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, òun rò pé ó rẹ Màámi ni, òun sì fi ìkòkò mìíràn pààrọ̀ rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn kí oníbàárà má bàa mọ̀. Nígbà tí ó tún ṣẹlẹ̀, òun tún pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ìṣe: gbogbo èyí tí Màámi bá yàn, òun yóò gbé e wọlé, òun yóò fi ìdí ṣíbí kàn án, èyí tó dára yóò lọ, èyí tí kò dára yóò dúró. Òun kò sọ ọ́ fún ìyàwó òun pàápàá. Òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìkòkò kan padà wá pẹ̀lú orúkọ Màámi lára rẹ̀.

Agbóhùn jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ó wá bi í léèrè pé, “Ìkòkò ọmọ mi ńkọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ dì í, Màámi. Ẹ ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.”

“Ṣé o gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ. Mo ní nígbà tó jẹ́ ti ọmọ yín, ẹ ó ti fetí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bóyá etí tèmi ló ṣì í gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.”

Agbóhùn kò bú u. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí pé yóò bú u, ara ì bá sì tù wọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó dìde, kí ilẹ̀ má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Nọ́ọ̀sì náà dúró, ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tí ì bá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó rọra ṣàlàyé fún Agbóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, pé ohùn tín-ín-rín ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù, tí àwọn ohùn yòókù á ṣì wà ní pípé, débi pé ẹni náà kì í mọ̀. Ó ní àwọn kan wà ní ilé-ìwòsàn tó ń yẹ etí wò. Agbóhùn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún Oníkòkò pé kí ó gbé ìkòkò kọ́ fún ọmọbìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kàn án, kí ọmọbìnrin náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ kí ó tó sanwó. Lẹ́yìn náà ó jáde.

Ó rìn lọ sílé. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń rántí àwọn nǹkan. Ó rántí pé òun ti ń sọ fún ènìyàn pé àwọn ẹyẹ kékeré orí igi ẹ̀yìnkùlé ti ṣí lọ. Ó rántí kẹ́tùlù tó jó mọ́ iná, tí òun sì gbé e lọ bínú sí ẹni tó tà á pé fèrè rẹ̀ tó yẹ kí ó fọn bí omi bá hó kò ṣiṣẹ́. Èyí tó wúwo jù lọ ni ohùn ọmọ rẹ̀. Láti bí ìgbà tí ọmọ náà ti lọ sílé ọkọ ni òun ti ń sọ ọ́ kiri pé ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì, pé kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́, pé ilé ọkọ ti sọ ọ́ di ojo. Òun tilẹ̀ ti bá a wí lórí rẹ̀.

Ọmọ náà kò gbé ọ̀rọ̀ kankan mì. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, kí ọwọ́ ọmọ náà tó jóná, tí àwọn méjèèjì jọ jókòó nínú ilé-ìdáná, tí ọmọ náà tẹrí ba, tí ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan pẹ̀lú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀. Agbóhùn kò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ máa béèrè “kí lo wí” bí arúgbó. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀.” Ọmọ náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Títí di ìsinsìnyí kò mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un, tí òun sọ pé ó dáa.

Nígbà tí ó délé, oòrùn ṣì wà lókè. Ó pe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Ọkọ ọmọ ni ó gbé e, ó kí i, ó sì ní ìyàwó òun ń sùn. Agbóhùn kò sọ ohun tí ó tìtorí rẹ̀ pè fún un. Ojú èrò ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìwánwára yẹn, kò sì yẹ kí ó gba inú fóònù wá kó o nílẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó kàn béèrè bóyá ìyá ọkùnrin náà yóò wà nílé lọ́la. Ọkùnrin náà ní wọn kì í lọ síbì kan.

“Ṣé kò sí o, Màmá?” ló béèrè.

Agbóhùn gbọ́ ohùn ọkùnrin náà dáadáa. Ohùn ọkùnrin kì í sọnù mọ́ ọn létí. Lẹ́yìn ohùn náà, bóyá ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, bóyá kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò mọ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan.

Kò retí pé wọn yóò dárí jì í. Ọwọ́ tó ti ká kò kò ní tìtorí ọ̀rọ̀ nà, ẹ̀rọ ìránṣọ kò sì ní ṣípayá nítorí pé ìyá kan bẹ̀bẹ̀. Ó fọ ojú rẹ̀, ó yọ bàtà tí yóò wọ̀, ó gbé e sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ní òwúrọ̀ ọ̀la yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ọmọ rẹ̀, yóò dúró nínú pálọ̀ yẹn lójú ìyá ọkọ, yóò sì sọ pé ìṣó náà dún, pé ọmọ òun gbọ́ ọ, pé òun ni òun kò gbọ́.